Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni eré sísá wà? Ohun tí ìwádìí ti rí, àti àyẹ̀wò kan tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè lórí pápá

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó bá wá ra ẹ́ńjìnnì ní ọjà Trade Fair, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry, máa ń béèrè ni pé níbo ni ẹ́ńjìnnì náà ti wá. Ṣé tòkúnbọ̀ ni, àbí wọ́n tú u nílé níbí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ ni ó ń sọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí. Mẹkáníìkì tí ó bá mọṣẹ́ yóò kàn rẹ́rìn-ín ni, nítorí ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí ó dára jù lọ, bí wọ́n bá da ayédèrú ọ́ìlì sí i, kò ní í dé Mile 2 kí ó tó kú.

Bí wọ́n ti ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ nípa ọmọ ènìyàn ní àdúgbò kan náà. Ní Festac Town, tí ìjọba ológun kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1977, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí Trade Fair, àwọn ọ̀dọ́ a máa sáré lójú títì ní àárọ̀ Sátidé kí ọkọ̀ tó pọ̀, àwọn mìíràn a sì máa gbá bọ́ọ̀lù níbikíbi tí ilẹ̀ bá ṣì ṣófo. Bí ọmọ kan bá yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà máa ń sọ: ẹni bíni làá jọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Bàbá rẹ̀ ti sáré rí, tàbí ìyá rẹ̀ ti fò rí nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá ni pé àwọn kan ti ń fi í ṣòwò, àwọn tí ó sì yẹ kí wọ́n pèsè pápá, olùkọ́ àti dókítà fún ọmọ tí ó ń sáré máa ń rí i fi ṣe àwáwí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sáré, ta ni yóò tún máa náwó lórí pápá?

Ní 2003 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Australia, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kathryn North ṣíwájú wọn, gbé ìwádìí kan jáde tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ACTN3 ni wọ́n yẹ̀ wò. Jíìnì ni ìtọ́ni tí ó wà nínú ara, tí ènìyàn jogún ẹ̀dà kan rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tí ó sì jogún èkejì lọ́dọ̀ ìyá, tí ó ń sọ fún ara ohun tí yóò ṣe àti bí yóò ṣe ṣe é. Iṣẹ́ ti ACTN3 ni láti pèsè purotéènì kan fún iṣan ayára, ìyẹn irú iṣan tí ènìyàn fi ń já lójijì, tí ó fi ń fò, tí ó fi ń gbé ohun wúwo nílẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà tí ẹ̀dà méjèèjì tí wọ́n jogún ti kùnà. Ara wọn kì í pèsè purotéènì náà rárá, síbẹ̀ ohunkóhun kì í ṣe wọ́n. Láàárín àwọn òyìnbó tí wọ́n yẹ̀ wò ní Australia, irú wọn tó ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn ọ̀jẹ̀ asáré àti eléré agbára, ìdá 6 péré ni. Láàárín àwọn tí ó ti bá orílẹ̀-èdè náà díje ní Olympics nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọn kò rí ẹyọ kan.

Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè fi sọ ọ́ ní jíìnì eré sísá. Ní 2008, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyẹ̀wò rẹ̀ fún àwọn òbí ní dọ́là 149. Kí òbí fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, kí ó fi í ránṣẹ́, wọn yóò sì sọ fún un bóyá eré kúkúrú ni ọmọ náà yóò mọ̀ ọ́n ṣe tàbí eré ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, láti mọ bí jíìnì ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Ìbàdàn ni wọ́n lọ. Yorùbá 90 láti ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ni ó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àdúgbò náà jíròrò. Láti ìgbà tí àbájáde iṣẹ́ náà ti jáde ní 2005 ni àwọn onímọ̀ lágbàáyé ti ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn yìí ṣe òṣùwọ̀n nínú ìwádìí lóríṣiríṣi. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà sì fi hàn nípa ACTN3 ni pé ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì kùnà ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín Yorùbá.

Ní 2007, North àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Yannis Pitsiladis tí ó wà ní Yunifásítì Glasgow nígbà náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yẹ àwọn eléré Etiópíà, Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà wò. Wọ́n fi àwọn eléré agbára ọmọ Nàìjíríà wé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe eléré. Wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ohun tí wọ́n ń pè ní jíìnì eré sísá wà lára ẹni tí ó ń sáré fún Nàìjíríà, ó wà lára ẹni tí ó ń ta búrẹ́kì ní Trade Fair, ó sì wà lára kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó ń pe èrò ní Mile 2. Ìwádìí tí ó jáde ní 2010 lórí àwọn asáré Jàmáíkà àti Amẹ́ríkà bá ohun kan náà pàdé. Bí gbogbo ará àdúgbò bá ní irú kọ́kọ́rọ́ kan náà lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ kò lè sọ ẹni tí ó ni ilé.

Nígbà tí ó di 2015, àwọn onímọ̀ jíìnì àti ìṣègùn eré ìdárayá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún mímọ ọmọ tí yóò di eléré, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ọmọdé nítorí eré ìdárayá. Òbí tí wọ́n bá tún gbé e wá bá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fi owó náà ra bàtà eré fún ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé ẹ̀jẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan, ó sì pọ̀. Àwọn ìbejì ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè wọn bí ó ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà méjì ni ìbejì ń gbà wá: àwọn kan ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde, gbogbo jíìnì wọn sì jọra, àwọn kan ti inú ẹyin méjì jáde, wọn kò sì jọra ju bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń jọra lọ. Bí ohun kan bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, àwọn ìbejì ẹlẹ́yin kan yóò jọra nínú rẹ̀ ju àwọn ẹlẹ́yin méjì lọ. (Ilẹ̀ Yorùbá ni ìbejì pọ̀ sí jù lágbàáyé, Ìgbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni olú ìlú wọn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́yin méjì ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Irú ti ẹlẹ́yin kan kò pọ̀ sí i ní Ìgbó-Ọrà ju bí ó ti rí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ.) Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin ìbejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 2007, fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó mú kí ẹnì kan di eléré ìdíje kí ẹlòmíràn má dì í jẹ́ ti àjogúnbá.

Iye yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbé kiri. Ohun tí wọn kì í gbé mọ́ ọn ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí ọmọ tálákà àti ọmọ olówó ti ń rí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní pápá, tí ebi kì í sábà pa ọmọ sùn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú bákan náà fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kù tí yóò máa fi ìyàtọ̀ hàn. Níbi tí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, tí ọmọ kan ń jẹ ẹyin tí èkejì ń mu gààrí láàárọ̀, tí ẹnì kan ní olùkọ́ tí èkejì kò ní, ìdá ti ẹ̀jẹ̀ kò ní í tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òwe àwọn àgbà ti wà níbẹ̀ tipẹ́: ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò.

Kì í sì í ṣe jíìnì kan tàbí méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Gíga ènìyàn, tí ó rọrùn láti wọ̀n ju eré sísá lọ, ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò lára àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2022. Ibi tí wọ́n rí nínú jíìnì tí ó ní ọwọ́ nínú gíga nìkan lé ní 12,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi díẹ̀ kún un. Bí gíga bá rí bẹ́ẹ̀, eré sísá tí ó ní ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, iṣan, egungun àti ìfaradà nínú kò lè wà lọ́wọ́ jíìnì kan.

Ẹnì kan ṣọ̀wọ́n wà tí ti rẹ̀ yàtọ̀. Eero Mäntyranta, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, gba àmì-ẹ̀yẹ méje ní Olympics ìgbà òtútù láàárín 1960 sí 1968, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ wúrà, nínú eré fífi igi yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn ènìyàn fura sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó ki jù. Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì kan ní ìdílé wọn ni ó ń mú kí ara wọn máa pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa ju ti ẹlòmíràn lọ, tí atẹ́gùn tí wọ́n ń mí fi ń dé iṣan lọ́pọ̀ yanturu. Jíìnì kan ṣoṣo nìyẹn, ìdílé kan ní àríwá Finland sì ni. Nínú ìdílé náà gan-an, ọ̀pọ̀ ní jíìnì yìí tí wọn kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan rí.

Ìdílé kan tí ó sún mọ́ ilé wà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Charles àti Veronica Adétòkunbọ̀ kúrò ní Èkó lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè. Bàbá ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ìyá sì ti ṣe eré fífò sókè. Ní Athens ni wọ́n ti bí Giannis ní 1994, tí òun àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń ta awò ojú àti àwọn nǹkan mìíràn lójú títì kí wọ́n lè jẹun. Antetokounmpo ni àwọn Gíríìkì kọ orúkọ náà. Wọ́n yan Giannis lẹ́ẹ̀mejì, ní 2019 àti 2020, gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí ó dára jù ní NBA ti Amẹ́ríkà. Òun àti Thanasis gba ife NBA ní 2021, Kostas ti kọ́kọ́ gbà á ní 2020. Ẹni bíni làá jọ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, Francis, tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà ní Nàìjíríà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó gbá. Kò sí ẹni tí ó mú un dé gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Bàbá kan náà, ìyá kan náà ni.

Ti Oluwatobilọba Amusan náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1997, olùkọ́ sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré mítà 100 tí wọ́n fi ń fo irin ìdènà, ẹnikẹ́ni kò sì tí ì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà ní ìdíje àgbáyé eré orí pápá. Ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú ni. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Texas ní El Paso ni ó ti rí pápá, ibi ìtọ́jú ara àti oúnjẹ, Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà, sì ni olùkọ́ tí ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Amusan kò ga tó ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń bá díje. Ẹni tí ó bá ń fi ojú wá ẹni tí ó yẹ kí ó máa fo irin kò bá má yàn án.

Jàmáíkà yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wò dáadáa. Iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta; ti Nàìjíríà lé ní igba mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun ilẹ̀ wa níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ó yẹ kí wúrà Nàìjíríà fi ìlọ́po àádọ́rin ju tiwọn lọ. Wúrà mẹ́ta péré ni Nàìjíríà ti gbà ní Olympics láti ọjọ́ tí ó ti dáyé: ti Chioma Ajunwa tí ó fò mítà 7.12 ní Atlanta ní 1996, ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ọdún kan náà, àti ti àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn fún mítà 400 ní Sydney ní 2000, èyí tí wọn kò rí gbà tán títí di 2012 lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ṣáájú wọn ti jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Ohun tí Jàmáíkà ní tí Nàìjíríà kò ní ni ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń pè ní Champs, tí ó ti wà láti 1910, tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń dúró wò lọ́dọọdún. Ọmọ tí ó bá yára ní Jàmáíkà kò lè fara pamọ́. Ní Amuwo-Odofin, ọmọ lè yára títí kí ó dàgbà kí ẹnikẹ́ni má fi aago wọ̀n ọ́n rí.

Àwọn tí ó ní ìlà oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà jíjìn wà, pé ìwọ̀ oòrùn ni ẹ̀jẹ̀ eré kúkúrú wà, náà ti rí ìdáhùn. Olusọji Fasuba fi 9.85 sá mítà 100 ní Doha ní 2006, kò sì sí ọmọ Áfíríkà tí ó yára jù ú lọ fún ọdún 15. (Ìyá Fasuba, ọmọ Jàmáíkà ni; ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi ìyẹn gbe ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀.) Ẹni tí ó ni ipò náà láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni Ferdinand Omanyala, pẹ̀lú 9.77. Ọmọ Kẹ́ńyà ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó kúrò nílé náà kò ṣàì sáré níbòmíràn. Francis Obikwelu di ọmọ Pọtogí ní 2001, ó sì fi 9.86 gba fàdákà fún wọn ní Athens ní 2004. Fẹmi Ogunode fi 9.91 ṣe ẹni tí ó yára jù ní Éṣíà ní 2015 fún Qatar. Ní Olympics Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021, wọ́n dá eléré 10 ọmọ Nàìjíríà padà nítorí pé iye àyẹ̀wò oògùn tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn kí ìdíje tó dé kò pé. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn. Ní Paris ní 2024, orúkọ Favour Ofili kò sí lára àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún mítà 100 tí ó ti pegedé fún, Nàìjíríà sì padà wálé láìgba àmì-ẹ̀yẹ kankan. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìròyìn jáde pé Ofili fẹ́ máa sáré fún Turkey.

Ibì kan wà tí jíìnì ti di òfin báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2025, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré orí pápá lágbàáyé ti pàṣẹ pé obìnrin tí yóò bá díje nínú ìdíje tí ó jẹ́ ti ipò àgbáyé gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní SRY, lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Ara ọkùnrin ni jíìnì náà sábà máa ń wà. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n bí wọn pẹ̀lú rẹ̀ tí àwọn àti òbí wọn kò mọ̀. Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ta jù: Caster Semenya ti South Africa, Aminatou Seyni ti Niger tí kò jìnnà sí wa, Christine Mboma ti Namibia. Ní oṣù Keje 2025, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a láre fún Semenya pé àwọn adájọ́ Switzerland kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò yí òfin eré padà. Amusan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lábẹ́ òfin tuntun náà ní Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ó sì gba fàdákà pẹ̀lú 12.29.

Nínú gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí, ọ̀kan tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀ orúkọ rẹ̀ ni kì í wọ pápá. Jẹ́nótáìpù ni. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ gbéyàwó mọ̀ pé AS kò yẹ kí ó fẹ́ AS, kí wọ́n má bàa bí ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS, nítorí pé AS máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tí ó le, èyí tí ó jẹ́ kí ó pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí.

AS kì í ṣe àìsàn, kò sì ní kí ènìyàn má sáré. Àwọn onímọ̀ ní Ivory Coast tilẹ̀ wo àwọn tí ó gba ipò kìíní nínú eré jíjù àti fífò ní orílẹ̀-èdè wọn láàárín 1956 sí 1995, wọ́n sì rí i pé AS pọ̀ láàárín wọn ju bí ó ti pọ̀ láàárín ará ìlú lọ. Ewu rẹ̀ wà níbòmíràn. Bí AS bá sáré kọjá agbára láìsinmi nínú oòrùn, tí omi ara rẹ̀ sì gbẹ, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè tẹ̀ bíi dòjé, kí ó dí ọ̀nà, kí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí ohun tí ó ti inú iṣan náà jáde sì ba kíndìnrín àti ọkàn jẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2006, Dale Lloyd, ọmọ ọdún 19 tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Rice ní Texas, ṣubú lẹ́yìn ìdánrawò, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Láti 2010 ni àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ẹgbẹ́ onípò kìíní wọn pé kí wọ́n mọ jẹ́nótáìpù eléré.

Bí ó ṣe ń wá ni ó ń tan olùkọ́ jẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ máa ń ṣubú lulẹ̀ lójijì. AS tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ, yóò fà sẹ́yìn, yóò jókòó, yóò máa sọ̀rọ̀, yóò sì ní òun kò lè ṣe é mọ́. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò pè é ní ọ̀lẹ, yóò sì ní kí ó dìde. Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji, kí wọ́n fún un lómi, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ikú náà kò pọn dandan. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1987 sọ pé AS tí ó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun ń kú lójijì lọ́pọ̀ ìgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ. Wọ́n yí ọ̀nà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà fún gbogbo ológun: omi, ìsinmi láàárín iṣẹ́, fífi díẹ̀díẹ̀ mú agbára pọ̀, àti wíwo bí oòrùn ṣe mú tó kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí wọ́n tún wo ológun aláwọ̀ dúdú tí ó tó 48,000 láàárín 2011 sí 2014, AS kò kú ju ẹlòmíràn lọ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan tiwọn ṣì ń bàjẹ́ nígbà mìíràn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn.

Kò sí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Omi ni, ibòji ni, aago ni, àti olùkọ́ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀lẹ àti ẹni tí ara rẹ̀ ń kú lọ. Oòrùn Èkó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò kéré sí ti Texas, àti pé, bí ènìyàn bá kó ogún ọmọ jọ sójú títì Festac fún eré sísá, AS márùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú wọn. Ìwé jẹ́nótáìpù ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà wà nílé, nínú àpò kan náà tí ìyá wọn kó ìwé ọjọ́ ìbí wọn sí, nítorí ilé ẹ̀kọ́ béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fọn fèrè fún wọn láàárọ̀ Sátidé ni kò tí ì rí i.